Ọkọ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni bo àṣìṣe: àyẹ̀wò ILCA, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní Laser

Bí ìrọ̀rùn lẹ bá ń wá, ẹ má ra ILCA. Kòtò ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, etí rẹ̀ a máa gún ni nítan, okùn rẹ̀ a máa há síbi tí kò yẹ, ìgbì a sì máa bu omi sí ni lójú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ yín ṣe mọ ọkọ̀ ìgbòkun tó, láìsí àwáwí, a ò tíì rí ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan tó ń sọ òótọ́ fún ni bíi tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí kò ju ìyẹn lọ: kí ló wà nínú ọkọ̀ àtijọ́ yìí tí àwọn ọ̀gá atukọ̀ ayé fi ń lo ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún nínú rẹ̀, kí sì ni yóò bàjẹ́ mọ́ ẹni tó bá rà á lọ́wọ́.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1969 ni Ian Bruce, ẹni tó ń kan ọkọ̀, pe Bruce Kirby, ọmọ Kánádà, lórí fóònù pé òun nílò ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn lè gbé ka orí mọ́tò. Kirby ya á sórí bébà, Hans Fogh gé ìgbòkun rẹ̀, nígbà tó sì di 1971 ó ti dé ọjà pẹ̀lú orúkọ Laser. Ara rẹ̀ gùn tó mítà 4.23, ó wúwo tó kílò 59 láìsí òpó àti ìgbòkun. Èyí tí wọ́n ti ṣe jáde ti lé ní 200,000, ìrísí ikùn ọkọ̀ náà kò sì tíì yí padà. Orúkọ ló yí padà ní 2019, nígbà tí ìjà lórí ẹ̀tọ́ orúkọ àti ẹni tó lè kan án mú kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wà á máa pè é ní ILCA, ìyẹn ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá rí Laser àti ILCA lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó má rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tó yẹ kó wò ni àmì ìfọwọ́sí kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú kòtò ẹsẹ̀: bí kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ náà dára fún ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á síbi ìdíje.

Ara ọkọ̀ kan náà ló ń gba ìgbòkun mẹ́ta. Òpó rẹ̀ pín sí méjì, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tí à ń ki bọ ara wọn. Apá òkè kì í yí padà. Apá ìsàlẹ̀ àti ìgbòkun nìkan la ń pààrọ̀. Ìgbòkun ILCA 7 fẹ̀ tó mítà alápá mẹ́rin 7.06, ti ILCA 6 jẹ́ 5.76, ti ILCA 4 sì jẹ́ 4.7. Ẹni tó wúwo tó kílò 80 sí 85 ni ILCA 7 ń gbọ́ràn sí lẹ́nu jù. ILCA 6 ń fẹ́ ẹni kílò 60 sí 70 àti díẹ̀ lé. ILCA 4 ni ti ọmọ tó ti tóbi ju Optimist, ọkọ̀ ìgbòkun kékeré ti àwọn ọmọdé, lọ àmọ́ tí ara rẹ̀ kò tíì ki. Àṣìṣe tí àwọn òbí ń ṣe jù lọ ni kí wọ́n ra ìgbòkun 7 fún ọmọ kílò 50, pé yóò dàgbà bá a. Ọkọ̀ kì í ṣe bàtà. Ọmọ tí ìgbòkun bá ju agbára rẹ̀ lọ á máa tú okùn sílẹ̀ nígbà gbogbo, kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, ìbẹ̀rù ni yóò kọ́. Ẹ ra 4 fún un; bó bá ṣe ń ki sí i, òpó ìsàlẹ̀ àti ìgbòkun nìkan ni owó yín yóò máa lọ sí.

Òfin ẹgbẹ́ náà le bí òkúta, òun gan-an sì ni ọjà tí ẹ ń rà. Ohun tí òfin kò bá dárúkọ pé ẹ lè ṣe, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹ ò gbọdọ̀ fi bébà ìfági gé etí ìtọ́kọ̀ kó lè mú, ẹ ò gbọdọ̀ dín ìwọ̀n ara ọkọ̀ kù, ẹ ò sì gbọdọ̀ rán ìgbòkun tiyín. Ní Òlíḿpíìkì, àwọn tó ṣètò ìdíje ló ń kó ọkọ̀ tuntun sílẹ̀ fún gbogbo atukọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé ti ilé rẹ̀ wá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá borí yín nínú ILCA, kì í ṣe owó rẹ̀ ló fi borí yín.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe fún àwọn tó lókìkí nínú rẹ̀. Robert Scheidt, ọmọ Brazil, gba góòlù ní 1996, ọdún tí Laser kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì, ó gba fàdákà ní 2000, ó tún gba góòlù ní 2004. Ó kúrò, ó lọ gba àmì ẹ̀yẹ méjì sí i nínú ọkọ̀ Star, ó padà, ó sì di aṣíwájú àgbáyé ní 2013 nígbà tó ti pé ọmọ ogójì ọdún. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ọkọ̀ tó fi sílẹ̀ náà ló padà bá. Ben Ainslie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tó gba fàdákà lẹ́yìn Scheidt ní 1996. Nínú eré tó kẹ́yìn, àwọn méjèèjì kọjá ìlà kí àkókò tó tó, wọ́n lé àwọn méjèèjì kúrò, góòlù sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti wà níwájú tẹ́lẹ̀. Ní Sydney ní 2000, Ainslie kò wá ipò kìíní nínú eré àṣekágbá rárá. Scheidt ló ń wá. Ainslie fi ìgbòkun rẹ̀ dí afẹ́fẹ́ mọ́ Scheidt, ó ń tì í sẹ́yìn títí góòlù fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Irú ìyẹn kì í rọrùn nínú ọkọ̀ tí ọ̀kan lè yá ju èkejì lọ. Nínú ọkọ̀ tó dọ́gba, ẹni tí wọ́n bá ti gba afẹ́fẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kò ní ohun tí yóò fi sá lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì náà ń ran ẹni tí kì í ṣe wàhálà lọ́wọ́: ipò kìíní jẹ́ máàkì kan, ipò kẹwàá jẹ́ mẹ́wàá, ẹni tí àpapọ̀ rẹ̀ kéré jù ló borí. Wọ́n máa ń yọ eré tó burú jù lọ kúrò. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo àti ti Paris, àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló lọ sí eré àṣekágbá tí máàkì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Matt Wearn, ọmọ Ọsirélíà, ti gba góòlù Tokyo kó tó wọ eré àṣekágbá, ó sì tún gba ti Paris ní 2024. Ní ti obìnrin, nínú ILCA 6, Marit Bouwmeester, ọmọ Netherlands, gba fàdákà ní 2012, góòlù ní 2016, idẹ ní Tokyo, góòlù ní 2024: Òlíḿpíìkì mẹ́rin léraléra, ìgbòkun kan náà. Kò sí ìgbà kankan nínú rẹ̀ tí ọkọ̀ tuntun lè gbà á là.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọkọ̀.

Bí ẹ bá ń gùn sí ojú afẹ́fẹ́, gbogbo iṣẹ́ náà kò ju pé kí ọkọ̀ tẹ́jú lọ. Bó bá ti fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, ìtọ́kọ̀ á wúwo, ọkọ̀ á máa fẹ́ yí orí sí afẹ́fẹ́, ẹ̀yin á máa fi ìtọ́kọ̀ fà á padà, ìtọ́kọ̀ tí a fà sì ni bíréèkì. Ara yín ni òṣùwọ̀n tí ń tẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ á wà lábẹ́ bẹ́líìtì inú kòtò, ìdí á jáde síta títí etí ọkọ̀ yóò fi dé àárín itan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń ká orúnkún, á wá fi ikùn àti ẹ̀yìn gbé ara. Láàárín oṣù díẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ na ẹsẹ̀, ẹ fa ìka ẹsẹ̀ sókè sára bẹ́líìtì, kí itan ló gbé ẹrù náà. Yóò gbóná bí iná nítorí pé iṣan náà kò sinmi, ẹ̀jẹ̀ kò sì rí àyè ṣàn bó ṣe yẹ. Paul Elvstrøm, ọmọ Denmark tó gba góòlù mẹ́rin láàárín 1948 àti 1960 nínú àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú èyí, ló sọ ọ́ di àṣà pé kí atukọ̀ máa fi àga ṣe ìdánrawò irú ìjókòó yìí lórí ilẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí àga láìsinmi, afẹ́fẹ́ líle yóò fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ ra ṣòkòtò tó ní igi pẹlẹbẹ lẹ́yìn itan. Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè fi kún ọkọ̀ yìí, òun la kọ́kọ́ ń dámọ̀ràn.

Okùn mẹ́ta ló ń tún ìgbòkun ṣe: vang, tó ń fa bùúmù (ọ̀pá tó dábùú nísàlẹ̀ ìgbòkun) sísàlẹ̀; cunningham, tó ń fa etí iwájú ìgbòkun sísàlẹ̀; àti outhaul, tó ń na ìsàlẹ̀ ìgbòkun. Vang ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ ń ṣì lò. Ọ̀nà tí a fi ń wá ipò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: ẹ fa okùn ìgbòkun títí púlì tó wà lórí bùúmù àti púlì tó wà nídìí ọkọ̀ yóò fi fẹnu ko ara wọn. Bí wọ́n ṣe wà bẹ́ẹ̀, ẹ fa vang títí tí kò fi ní rọ̀ mọ́, kí ẹ dì í mú. Ipò afẹ́fẹ́ àárín nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá le débi pé ẹ ní láti máa tú okùn ìgbòkun sílẹ̀, ẹ fa vang sí i, ẹ fà á gan-an. Bó bá rọ̀, bùúmù á gbéra sókè dípò kó jáde síta, òpó á nà, ìgbòkun á sì sanra ní wákàtí tó yẹ kó pẹlẹbẹ. Outhaul ń sọ bí ìsàlẹ̀ ìgbòkun ṣe jìnnà sí bùúmù tó: ìbú ọwọ́ kan tí ẹ na, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, tó fún ọjọ́ púpọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ dín in kù. Cunningham kò ní iṣẹ́ ní afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀, kí ìgbòkun máa ṣe ìwunjọ díẹ̀ létí òpó, kò burú. Ní afẹ́fẹ́ líle, ẹ fà á títí ojú ihò rẹ̀ yóò fi sún mọ́ bùúmù. Èyí ń fa ìkùn ìgbòkun síwájú, ó sì ń ṣí etí ẹ̀yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lè jáde.

Okùn tó dábùú nídìí ọkọ̀ lórí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ le bí okùn gìtá. Bó bá rọ̀, púlì á sún wá sáàárín, bùúmù á gòkè, gbogbo ohun tí ẹ fi vang ṣe á di asán. Ohun kékeré mìíràn tí ń gba eré lọ́wọ́ ènìyàn: bẹ́líìtì tó so igun ẹ̀yìn ìgbòkun mọ́ bùúmù. Bí àyè tó wà níbẹ̀ bá ju ìka kan lọ, ẹ so ó mọ́ra sí i.

Ìsọ̀kalẹ̀, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn yín, ni ibi tí ọkọ̀ yìí ti dùn jù tó sì ti burú jù. Ẹ tú vang díẹ̀ kí ẹ tó dé ibi àmì tó léfòó lójú omi, ẹ fa pátákó àárín, ìyẹn èyí tó wọ inú omi lábẹ́ ọkọ̀ kó má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ sí ọ̀dọ̀ yín. Àwọn ọ̀gá kì í lọ tààrà. Wọ́n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba etí ẹ̀yìn ìgbòkun wọlé kó gba ọ̀dọ̀ òpó jáde, wọ́n á máa yí síbí yí sọ́hùn-ún láti mú ìgbì. Bí vang bá rọ̀ jù, orí ìgbòkun á ṣí kọjá iwájú òpó, á máa ti ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ yín, á mì lọ, á mì bọ̀, ní ẹ̀ẹ̀kẹta á da yín sómi. Bó bá le jù, ṣóńṣó bùúmù á kan omi, ọkọ̀ á yí lójijì. Kí ẹ má sì fa pátákó àárín ga ju bó ṣe yẹ lọ: bùúmù tàbí vang á kọ́ ọ nígbà tó bá ń kọjá. Adájọ́ orí omi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fèrè àti àsíá yẹ́lò. Ẹni tó bá ń fa ìgbòkun léraléra láti fi sáré, tàbí tó ń mi ara ọkọ̀, á yípo ìgbà méjì fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, á kúrò nínú eré yẹn.

Àbùkù kan wà tí kò sẹ́ni tó lè dárí rẹ̀ ji ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ yìí. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọjú ìgbòkun sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Okùn tó rọ̀ láti bùúmù á ṣubú sínú omi lẹ́yìn ọkọ̀. Bùúmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lórí yín, okùn náà á rọra ká mọ́ igun ìdí ọkọ̀, igun onígun mẹ́rin tó dà bíi pé wọ́n gbẹ́ ẹ fún iṣẹ́ náà. Ìgbòkun á dúró láàárín ọ̀nà. Kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ti wà nínú omi. Ìwòsàn rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́: kí bùúmù tó gbéra, ẹ fa okùn tó gùn tó apá kan wọlé, bó bá wá dé orí yín gan-an, ẹ ja okùn náà lẹ́ẹ̀kan, kíá, kó fò kúrò nínú omi kó tó dé igun. Ìgbà ọgọ́rùn-ún lẹ ó ṣe é kó tó mọ́ra.

Bó bá dojú dé, ọkọ̀ yìí rọrùn láti gbé dìde: ẹ dúró lórí pátákó àárín, ẹ di etí mú, ẹ fara tì. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n so òpó mọ́ ara ọkọ̀. Inú ihò lásán ni òpó dúró sí, kò sí ohun tó dì í. Bí ọkọ̀ bá dorí kodò pátápátá tí kò sí okùn tó so ó, á yọ́ bọ́ sínú omi. Òfin fẹ́ ẹ, ọgbọ́n náà fẹ́ ẹ.

Ní ti ohun tó ń bàjẹ́, òpó òkè alumíníọ̀mù ló ṣáájú. Ìṣó rivet tó di kọ́là rẹ̀ mú wà níbi tí òpó ti ń tẹ̀ jù, ihò ìṣó náà sì ni ibi tó ti ń là. Nígbà tí ìgbòkun bá fa orí òpó sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ iwájú ló ń nà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń fún pọ̀. Ihò tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tó ń nà kì í pẹ́ kó tó ya, nítorí náà ẹ yí i kí ìṣó kọjú sẹ́yìn. Òpó alumíníọ̀mù tó ti tẹ̀ tí kò padà sípò, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nà, kò ní pẹ́ kó tó ṣẹ́. Òpó òkè oníkáábọ̀nù àti fáíbà tí wọ́n gbà láàyè láti 2017 ti mú ìṣòro yìí kúrò. Bí owó bá wà, ẹ rà á.

Ìtọ́kọ̀ náà: bí kò bá sọ̀ kalẹ̀ tán, bó ṣe ìka méjì ló kù, ọwọ́ yín á máa ro yín láìmọ ìdí. Ẹ di bóòtì rẹ̀ le, ẹ fa okùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ìgbòkun ILCA 7 tuntun tí wọ́n ń pè ní MKII, tó dé ní 2016, pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Ẹ máa ká a bí ẹní, ẹ má ṣẹ́ ẹ po bí aṣọ.

Àwọn kan á bi wá pé RS Aero, ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan mìíràn, ńkọ́? Ara rẹ̀ jẹ́ kílò 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ILCA, ó yá, ó rọ̀, kì í gún ni nítan. Bó bá jẹ́ pé ìgbádùn ọjọ́ Sátidé ni, òun la máa rà. Àmọ́ ILCA 7 àti 6 ló wà nínú ètò Òlíḿpíìkì Los Angeles 2028, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ogójì ọkọ̀ lórí ìlà kan náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀.

Àlòkù lọ̀pọ̀ yín yóò rà, nítorí náà ẹ mú kànǹkàn, ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ lọ. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ojú ọkọ̀ káàkiri, pàápàá níbi tí ènìyàn ń jókòó sí. Bó bá ń rọ̀ sísàlẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, fáíbà ti kúrò lára fóòmù. Ẹ gbé e wò: bí ẹni méjì tó lágbára bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀, omi ti wà nínú fóòmù. Ẹ da omi ọṣẹ sí ojú ìpàdé etí ọkọ̀, sí àyíká pátákó àárín àti àwọn irin ìtọ́kọ̀, kí ẹnìkan wá fi ẹnu rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò ìdí ọkọ̀. Ibi tí ìfófòó bá ti jáde ló ń jò. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ṣe é láé, á fọ́ ojú ìpàdé náà pátápátá.

Ihò òpó ni kí ẹ fi ṣàṣekágbá. Yanrìn tó bá wọ inú rẹ̀ á máa lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìdí òpó bí ata lórí ọlọ, títí fáíbà ìsàlẹ̀ yóò fi lu. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, ẹ fi bírò fa ìlà síbi tí omi dé, ẹ lọ wo ìgbòkun fún wákàtí kan. Bí ẹ bá padà tí omi ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ fún yín pé oòrùn ló fà á. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le ni òpó náà yóò fa ihò rẹ̀ ya mọ́ ojú ọkọ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba owó tó sún mọ́ èyí tí ẹ fi ra ọkọ̀ náà.